Ìwádìí Èrò Àwọn Olùdìbò ní Ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà



Ó ti di àṣà láàárín wa pé, bí ìdìbò Ààrẹ Amẹ́ríkà bá ku ọdún kan, a ó ti máa gbọ́ pé ìwádìí ti fi hàn pé lágbájá ni yóò wọlé. Àwọn kan a tilẹ̀ fi owó ta tẹ́tẹ́ lé e. Èyí kò dùn wá tó ti àwọn ọmọ wa tí wọ́n ti di ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti dìbò, ṣùgbọ́n tí wọ́n jókòó sílé nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀ kì í ṣe kékeré níbẹ̀. Ìbò 538 ni a pín fún àwọn ìpínlẹ̀ àti olú-ìlú wọn. Ẹni tí ó bá kó 270 ni Ààrẹ. Ní ọdún 2016, Hillary Clinton fi ìbò tí ó lé ní mílíọ̀nù méjì àti ààbọ̀ ju Donald Trump lọ ní gbogbo ilẹ̀ náà, síbẹ̀ Trump ni ó wọlé.

Ohun tí àwọn olùwádìí ń bi ìwọ̀nba ènìyàn tí wọ́n yàn ni pé, bí ó bá jẹ́ òní ni ìdìbò, ta ni wọn yóò dìbò fún? Òní ni wọ́n wí o, kì í ṣe oṣù kọkànlá. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni babaláwo fi ń dífá lọ́rọọrún. Ní oṣù keje ọdún 1988, ìwádìí kan fi hàn pé Michael Dukakis fi 17 nínú 100 ṣíwájú George Bush. Àwọn ènìyàn kò tíì mọ Dukakis dáadáa nígbà náà. Nígbà tí ọjọ́ pé, ìpínlẹ̀ 40 ni Bush gbà.

Èyí tí ó sún mọ́ ọjọ́ ìdìbò sàn jù, ṣùgbọ́n òun náà a máa ṣìnà. Ní Wisconsin ní 2016, Clinton ni ìwádìí fi síwájú títí dé òpin. Ìbò 22,748 ni Trump fi borí. Ọ̀pọ̀ ìwádìí ìpínlẹ̀ kò fún àwọn tí kò lọ sí yunifásítì ní ìwọ̀n tí ó tọ́ sí wọn, àṣìṣe kan náà sì ràn dé Michigan àti Pennsylvania. (Àwa pẹ̀lú ti kí àwọn kan kú oríire kí ilẹ̀ tó mọ́.) Ní ìparí oṣù kẹwàá 2020, ìwádìí kan ní Wisconsin fún Joe Biden ní 17 lé nínú 100. Ó borí lóòótọ́, ṣùgbọ́n èyí tí ó fi lé kò pé 1 nínú 100.

A kò sọ pé kò wúlò rárá. Ní Massachusetts tàbí Wyoming, èyí tí ó tètè jáde sábà máa ń bọ́ sí i. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ta ni kò mọ ẹgbẹ́ tí yóò borí tẹ́lẹ̀? Ibi tí a ti nílò rẹ̀ jù ni kò ti ṣeé fi ọkàn tẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ wà ní Michigan, ẹ forúkọ sílẹ̀, kí ẹ sì jáde. Ìbò 10,704 ni wọ́n fi borí níbẹ̀ ní 2016; àwọn tí ń ná ọjà wa ní ọjọ́ ọjà ńlá lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀.