ÀGBÀTỌ́ KÌ Í ṢE ÌSỌDỌMỌ

Ẹ̀yin ọkùnrin tẹ́ ẹ fẹ́ obìnrin tó gbé ọmọ wá láti ilé ọkọ àkọ́kọ́, ẹ̀yin ni mò ń bá wí lónìí. Ẹ̀yin ìyá ọmọ náà, ẹ má dìde o.

Arákùnrin kan ní Ìlá mú ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù wá bá mi. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ sí i, orúkọ tirẹ̀ ni wọ́n fi ṣe orúkọ bàbá fún ọmọ ìyàwó rẹ̀. Ọmọ ọdún méje lọmọ náà nígbà tó dé ilé rẹ̀, ó ti di mẹ́rìnlá báyìí, Dádì ló ń pè é. Ó ní, "Pásítọ̀, ó ti di ọmọ mi pátápátá." Mo ní, "Bàbá tó bí i ńkọ́?" Ó ní, "Ó wà n'Íbàdàn, kì í yọjú."

Ẹ̀yin èèyàn mi, orúkọ ni ìwé yẹn yí padà, kò sọ ẹnikẹ́ni dọmọ. Jósẹ́fù tọ́ Jésù, ó sọ ọ́ lórúkọ, gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n sí ọmọ káfíńtà, kò dé kọ́ọ̀tù. Ṣùgbọ́n Jósẹ́fù kò gbé ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun! (Ìjọ rẹ́rìn-ín.)

Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ìjọba àpapọ̀ jáde ní 2003, Ọ̀ṣun ṣe tirẹ̀ ní 2007. Òfin 2003 yẹn ní àwọn òbí ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ìyá nìkan kọ́ ni òbí o! Bí bàbá ò bá gbà, àfi kí kọ́ọ̀tù rí i pé ó pa ọmọ tì tàbí ó ń fìyà jẹ ẹ́, kó sì rí ìdí tó lágbára. Adájọ́ ló máa sọ ìyẹn, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe ìyá ọmọ tínú ń bí. Kí ló dé tí ọ̀rọ̀ bàbá fi wúwo tó báyẹn? Torí lọ́jọ́ tí kọ́ọ̀tù bá fàṣẹ sí i, ẹ̀tọ́ bàbá àkọ́kọ́ lórí ọmọ parí nìyẹn, bíi pé ìwọ lo bí i. Bàbá wo ló máa gbọ́ ìyẹn nílẹ̀ Ìgbómìnà tí kò ní fò dìde?

Ọjọ́ orí tún ńkọ́? Ẹni tó bá dá béèrè gbọ́dọ̀ pé ọdún 25, kó sì fi ọdún 21 ju ọmọ lọ. Bó o bá jẹ́ ẹni ọgbọ̀n ọdún, tí ọmọ jẹ́ mẹ́rìnlá, ọdún 16 péré lo fi jù ú. Ìwọ àti ọmọ tún gbọ́dọ̀ máa gbé ní ìpínlẹ̀ kan náà. Ará Òmù-Àrán àti ará Ìlá, Ìgbómìnà kan náà ni wọ́n, ṣùgbọ́n Kwara lọ̀kan wà, Ọ̀ṣun lèkejì wà. Ẹ tún gbọ́dọ̀ ti sọ fún àwọn wẹ́fíà ní oṣù méjìlá ṣáájú. Oṣù méjìlá! Ẹ má dúró di ìgbà tí fọ́ọ̀mù WAEC bá dé.

Mo bi arákùnrin yẹn pé, "Bó o bá kú lónìí ńkọ́?" Kò dáhùn. Mo sọ fún un pé àwọn àbúrò rẹ̀ lè lé ọmọ yẹn jáde, kí wọ́n ní kò sí nínú àwọn ọmọ òkú, òfin á sì gbè wọ́n. Lóòótọ́, ó lè kọ ìwé ìhágún kó dárúkọ ọmọ náà sí i, ìyẹn ò nílò ìyọ̀ǹda ẹnikẹ́ni. Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ló lọ bá lọ́yà. Lọ́jọ́ Sátidé, òun àti ìyàwó rẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn lọ wá bàbá ọmọ.