Kọ̀ǹpútà Tòkunbọ̀ Náà Lè Gbé Gémù

Dell OptiPlex 7010, tó jáde ní 2012, lè gbé gémù, bí ẹ bá mọ ibi tí owó yín yóò kọ́kọ́ lọ.

Káàdì graphics ni. Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù: power supply inú irú 7010 tó dúró gogoro kò ju wáàtì 275 lọ, kò sì ní wáyà tí wọ́n fi ń gbé iná fún káàdì ńlá. Ẹ wá GTX 1050 Ti tí kò ní ihò wáyà lára. Wáàtì 75 tó ń lò, ara motherboard ló ti ń fà á. Bó bá jẹ́ èyí tó tín-ín-rín lẹ ní, àfi káàdì kúkurú tí wọ́n ń pè ní low-profile. Ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó o!

RAM ńkọ́? DDR3 ni. Ẹyọ 4GB méjì sàn ju ẹyọ 8GB kan lọ, torí méjèèjì á jọ máa ṣiṣẹ́ pọ̀. SSD kàn ń jẹ́ kí gémù tètè ṣí ni. Bówó ò bá tó, ó lè dúró. Bí Core i5 bá ti wà nínú rẹ̀, ẹ má wulẹ̀ pààrọ̀ processor.