Ta Ló Ni Ilé Tí Ohùn Ti Ń Jáde? Ìtàn Rédíò WERD

Iléeṣẹ́ rédíò kan tó ti kógbá sílé ni ọ̀rọ̀ mi dá lé: WERD, ìkànnì 860 lórí AM, ní ìlú Atlanta, ìpínlẹ̀ Georgia. Kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ Jesse B. Blayton lọ́dún 1949, kò sí aláwọ̀ dúdú kan tó ní rédíò ní gbogbo Amẹ́ríkà.

Oníṣirò owó ni Blayton, ó ń darí báńkì, ó sì tún jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Atlanta. Dọ́là 50,000 ló fi ra rédíò náà, nígbà tí òfin ìyàsọ́tọ̀ ṣì fẹsẹ̀ múlẹ̀ débi pé aláwọ̀ dúdú kì í bá aláwọ̀ funfun jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Rédíò WDIA ní ìlú Memphis ti ń fi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aláwọ̀ dúdú sórí afẹ́fẹ́ láti 1948, ṣùgbọ́n aláwọ̀ funfun ló ni ín. Ohùn wà níbẹ̀, àṣẹ ni kò sí.

Blayton fi ọmọ rẹ̀ ṣe olùdarí ètò, ó sì gba Jack Gibson ṣe sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀. Ọ̀sán nìkan ni wọ́n láṣẹ láti fi ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ìgbì AM a máa gba ojú ọ̀run rìn jìnnà, á sì lọ da ti ìlú ẹlòmíràn rú. Nítorí náà, bí oòrùn bá ti ń wọ̀, WERD á dákẹ́. Nígbà òtútù, tí oòrùn ń tètè wọ̀, ọjọ́ iṣẹ́ wọn a tún kúrú sí i. Ojúmọmọ ni wọ́n fi ṣe gbogbo ohun tí mò ń ròyìn yìí.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé Prince Hall, ní òpópónà Auburn, ni wọ́n wà. Nísàlẹ̀ wọn ni ọ́fíìsì SCLC, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, tí Martin Luther King jẹ́ ààrẹ rẹ̀ láti 1957. Wọ́n ní bí King bá ní ọ̀rọ̀ tí kò ṣeé dá dúró, á fi igi ìgbálẹ̀ gbá àjà gbàgbàgbà. Gibson á gbọ́ lókè, á dá orin dúró, á sì sọ gbohùngbohùn kalẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ká ní iléeṣẹ́ ẹlòmíràn ni, mo fi dá yín lójú pé irú ìwà bẹ́ẹ̀ ì bá ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Gibson. Kì í ṣe ìgboyà rẹ̀ nìkan ló ṣe é, ẹni tó ni iléeṣẹ́ ló gbà á láàyè.

Lọ́dún 1968, ọdún kan náà tí wọ́n pa King, Blayton ta rédíò náà. Orúkọ WERD kúrò lórí ìkànnì 860, ṣùgbọ́n ilé Prince Hall ṣì wà ní Auburn títí dòní.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ṣe iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, mo bẹ̀ yín, kí ẹ tó béèrè iye owó oṣù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ni iléeṣẹ́.