Eyín Ẹ̀rọ Afálẹ̀



Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, àwọn ará ìlú dá owó jọ láti tún pèpéle tí wọ́n ń sá kòkó lé ṣe. Ojú kọnkéré rẹ̀ ti ń bó bí èèpo ẹ̀pà. Wọ́n háyà ẹ̀rọ afálẹ̀, wọ́n sì san owó ọjọ́ mẹ́ta. Mo wà níbẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní. Kí oòrùn tó kan àtàrí, eyín ẹ̀rọ náà ti ku, ó dán bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí kóró iṣin, ilẹ̀ kò sì fá ju ìgbà tí ènìyàn fi èékánná họ ọ́ lọ. Ẹ̀rọ kò jẹ̀bi. Ẹni tí ó gbé e wá ni kò béèrè irú ilẹ̀ tí òun fẹ́ fá.

Èéṣe tí a fi ń fá kọnkéré rárá? Bí omi bá pọ̀ jù nígbà tí a ń pò ó, omi náà a máa gbé sìmẹ́ńtì lẹ́búlẹ́bú wá sókè, a sì gbẹ di awọ fẹ́lẹ́ tí kò lágbára. Sìmẹ́ńtì titun tí a bá tẹ́ lé e, awọ yìí ni yóò dì mú. Nígbà tí awọ bá bó, titun yóò bá a bó. Nítorí náà a ní láti fá a títí òkúta inú rẹ̀ yóò fi yọjú.

Bí ẹ bá wo abẹ́ ẹ̀rọ náà nígbà tí a ti pa á, ẹ ó rí àgbá irin kan. Ọ̀pá irin mélòó kan la àgbá náà kọjá, a sì sín eyín sí wọn bí ìlẹ̀kẹ̀, pẹ̀lú wọ́ṣà láàrin wọn. Eyín kò gbọdọ̀ fún mọ́ ọ̀pá. Ó ní láti máa mì. Nígbà tí àgbá bá ń yí kíkankíkan, eyín a fò síta, a sì máa lu ilẹ̀. Lílù ni ó ń ṣe iṣẹ́, kì í ṣe ìwúwo. Oníṣẹ́ tí ó bá ń rọ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀ kí ó lè tètè lọ sílé, ọ̀pá àti eyín ni ó ń bàjẹ́. Ìwọ̀n mìlímítà 3 tó fún ìrìn kan. Bí ó bá kù, kí ó tún un rìn ní ìbú.

Irú eyín mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀. Ti kọnkéré rí bí ìràwọ̀, tungsten carbide sì ni ṣóńṣó rẹ̀. Karl Schröter, ará Jámánì, ni ó ṣe irú ohun líle yìí jáde ní 1923, orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Krupp sì fi gbé e dé ọjà, Widia, túmọ̀ sí pé ó dà bí dáyámọ́ńdì. Èkejì jẹ́ irin lásán, ó dára fún ẹrẹ̀ gbígbẹ àti epo tí ó ti dì mọ́ ilẹ̀, kò sì wọ́n. Òun ni wọ́n kó wá sí pèpéle tí mo wí, lórí kọnkéré tí a fi òkúta akọ irú ti Abẹ́òkúta pò! Ẹ̀kẹta dà bí ojú ìfági káfíńtà: gígé ni ó ń gé, kì í lù. Pẹ́ńtì, gúlúù àti ìlà funfun ojú títì ni tirẹ̀. Ọ̀nà kan ni ojú rẹ̀ kọ sí. Bí a bá fi í sódì, kò ní gé nǹkan kan.

Ọ̀dà títì ní ìṣòro tirẹ̀. Oòrùn a máa rọ̀ ọ́, a sì máa lẹ̀ mọ́ eyín. Òwúrọ̀ kùtùkùtù tí ó ṣì tutù ni kí a fá a. Bí ó bá ṣe odindi títì ni, ẹ̀rọ ńlá ni a ń lò, tí eyín rẹ̀ rí ṣóńṣó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń yí nínú ihò rẹ̀ kí ó má baà jẹ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Nǹkan bí mìlímítà 15 ni àlàfo tí ó wọ́pọ̀ láàrin wọn. Bí a bá fẹ́ kí ojú títì dán, a lè fún un dé 8.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú ìṣó, kí ẹ fi họ ilẹ̀ náà. Bí ìṣó bá kó ìdọ̀tí tí ó nípọn jáde, irin lásán tó. Bí ó bá yọ̀, tí kò fi ju ilà tín-ín-rín sílẹ̀, ẹ béèrè tungsten carbide. Bí ó bá rọ̀ tí ó sì ń fà, ẹ béèrè eyín tí ń gé. Ẹ ní kí wọ́n fi ọ̀pá hàn yín pẹ̀lú, nítorí ọ̀pá tí ó ti jẹ lè kán, kí eyín sì fò lu ènìyàn.

Wọ́n pààrọ̀ eyín ní ìlú náà ní ọjọ́ kejì, wọ́n sì parí pèpéle ní ọjọ́ kẹta. Ohun tí ó dùn mí jù kì í ṣe owó ọjọ́ kìíní tí ó ṣòfò. Àwọn ọmọdé tò yí ẹ̀rọ ká, eruku sì bo ojú wọn. Eruku kọnkéré ní lẹ́búlẹ́bú yanrìn tí ojú kò lè rí, tí í máa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ jókòó. Àrùn tí ó ń fà, tí a ń pè ní silicosis, kò ní ìwòsàn. Aṣọ tí a fi di imú kò lè dá a dúró. Ìbòmú gidi ni kí oníṣẹ́ lò, kí a sì máa wọ́n omi sí ilẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Bí kò bá sí omi nítòsí ní ọjọ́ náà, ẹ sún iṣẹ́ síwájú, kí ẹ sì lé àwọn ọmọ lọ sílé.