Ewé Tíì Tí À Ń Mu

 Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yéé já ewé tíì tó hù létí gọ́tà lẹ́yìn ìsọ̀ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n ń fín oògùn apakoríko sí, ibẹ̀ náà làwọn ọkùnrin ti ń tọ̀! Fífọ̀ nìkan kò lè mú oògùn yẹn kúrò. Ẹ tọrọ ìdí kan lọ́wọ́ aládùúgbò, ẹ gbìn ín sínú báàfù tó ti lu, omi á rọ́nà jáde. Kò ní wàhálà rárá.

Bí ẹ bá fẹ́ mu ún, ẹ fọ ewé bíi mẹ́fà, ẹ gé e (ẹ rọra o, etí rẹ̀ mú), ẹ dà á sómi híhó, ẹ dé e fún ìṣẹ́jú 10, kí òórùn rẹ̀ má bàa bá ooru lọ.

Aboyún àti ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ kọ́kọ́ bi nọ́ọ̀sì. Bó bá jẹ́ ibà ni, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ẹ má fi tíì nìkan dúró, pàápàá fọ́mọdé.