Ohun Tó Wà Nínú Òdo: ADHD àti Iṣẹ́ Ọmọ Nínú Kíláàsì

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú kíláàsì. Olùkọ́ ní kí àwọn ọmọ mú ìwé ìṣirò jáde, kí wọ́n ṣí i sí ojú ewé 42, kí wọ́n ṣe ìbéèrè kìíní títí dé ìkẹfà, kí wọ́n sì fa ìlà sábẹ́ ìdáhùn kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kan mú ìwé jáde. Kó tó ṣí i, ìyókù ọ̀rọ̀ olùkọ́ ti fò ó. Ó bi ẹni tó jókòó tì í léèrè, olùkọ́ gbọ́ ohùn rẹ̀, ó di ẹjọ́. Nígbà tó máa fi rí ojú ewé náà, àwọn yòókù ti dé ìbéèrè kẹrin. Ó sáré ṣe méjì, ó ṣe àròpọ̀ níbi tí wọ́n ti ní kó ṣe àyọkúrò, ó gba òdo. Inú òdo yẹn la ti rí orúkọ tí a sọ ọ́, olódo.

Mo fẹ́ kí a tú òdo yẹn wò. Ipò tí àwọn dókítà ń pè ní ADHD, èyí tí kì í jẹ́ kí ọmọ lè fọkàn sójú kan, tí kì í jẹ́ kó lè jókòó jẹ́ẹ́, tàbí tó pa méjèèjì pọ̀, kì í ṣe àìlóye. Ohun tó ń dí i lọ́wọ́ ni ìṣàkóso ara: dídi àṣẹ mú sọ́kàn bí ọwọ́ ti ń ṣiṣẹ́, kíkó ẹnu àti ẹsẹ̀ níjàánu kí wọ́n tó sáré ṣáájú ìrònú. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n. Ṣíṣe rẹ̀ lásìkò tó yẹ ni wàhálà. Ní 1902, dókítà George Still ti ṣàpèjúwe irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ó sì rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ní làákàyè bíi ti ẹgbẹ́ wọn. Ó dùn mí pé ìwà ló dá lẹ́bi, nítorí ìdájọ́ yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu wa. Ẹ̀rí tó lágbára jù lójú mi dé ní 1937, nígbà tí Charles Bradley fún ọmọ 30 ní oògùn Benzedrine nílé ìtọ́jú kan ní Rhode Island, ní Amẹ́ríkà. Nǹkan bí ìdajì wọn tẹra mọ́ ìwé lọ́nà tó ya olùkọ́ lẹ́nu, láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n dáwọ́ oògùn dúró, ìyípadà náà sì lọ. Kò sí oògùn tó lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò láàárín òwúrọ̀ sí ọ̀sán. Agbára tí wọ́n fi ṣe é ti wà lára wọn tẹ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní, ṣebí ọmọ yìí kan náà ló ń wo tẹlifíṣọ̀n fún wákàtí mẹ́ta láìmira. Òótọ́ ni, kò sì ta ko ọ̀rọ̀ mi. Àwòrán tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú ló ń fa ọkàn rẹ̀ mọ́ra. Àpèkọ kò lè fà á bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ fi ọkàn síbẹ̀, ibẹ̀ gan-an ló sì ti ń kọsẹ̀. Àwọn mìíràn á ní àìsàn òyìnbó ni. Ìwádìí tí Adewuya àti Famuyiwa gbé jáde ní 2007 lórí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà rí i lára bí ọmọ 8.7 nínú 100. Kì í sì í ṣe oníjàgídíjàgan nìkan ló ní in. Ọmọbìnrin tó jókòó sẹ́yìn, tó ń wo ojú fèrèsé, tí kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, lè parí ilé-ẹ̀kọ́ láìsí ẹni tó bi í ní ohun tó ń ṣe é.

Àtakò kan wà tí mo gbà pé ó wúwo. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí tó jáde ní 2018 yẹ àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tó lé ní 400,000 wò. Níbi tí ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ti jẹ́ ààlà ìwọlé, àwọn tí a bí ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n kéré jù ní kíláàsì, fi nǹkan bí ìdá 34 nínú 100 pọ̀ ju àwọn tí a bí ní oṣù kẹsàn-án lọ nínú àwọn tí wọ́n sọ pé wọ́n ní ADHD. Èyí ni pé a lè fi ìgbà èwe pe àìsàn. Àwa tí a ń sáré ti ọmọ sí kíláàsì tó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó bà wá lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ìdí rèé tí dókítà kì í fi ẹjọ́ olùkọ́ kan ṣoṣo dájọ́: ó gbọ́dọ̀ ti wà fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán, kó hàn níbi méjì ó kéré tán, bí ilé àti iléèwé, kó sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ọmọ tó pé ọdún méjìlá.

Pàṣán ńkọ́? Ó lè mú ọmọ jókòó títí ẹ̀rù fi kúrò lára rẹ̀. Kò lè dá àṣẹ tó ti fò ó padà, àtúbọ̀tán ìyà sì ni pé ó máa ń jẹ́ kó sá fún ìwé. Oògùn náà ní ààlà tirẹ̀: ó ń mú ara balẹ̀, kì í kọ́ ọmọ ní ohun tí kò gbọ́ lọ́dún tó kọjá. Ẹ jẹ́ ká padà sí ojú ewé 42. Kí olùkọ́ sọ àṣẹ kan ṣoṣo, kó kọ ọ́ sára pátákó, kó ní kí ọmọ náà tún un sọ. Kó mú un wá síwájú. Kó ní kó ṣe ìbéèrè méjì péré, kó mú un wá, kí olùkọ́ yìn ín lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ náà tó ṣe méjì mìíràn. Ní kíláàsì ọgọ́ta ọmọ, kò rọrùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó bá tún gba òdo lẹ́yìn èyí, nígbà náà la máa tó mọ̀ pé àyọkúrò gan-an ni kò yé e, a ó sì lè jókòó tì í kọ́ ọ.