Ọ̀rọ̀ tí ó Yẹ kí a Sọ Nígbà tí Ara Le

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá ní ọ̀sẹ̀ yìí kò dùn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ọmọ tàbí àbúrò ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ilé ẹjọ́ níbẹ̀: bí aláìsàn kò bá mọ nǹkan kan mọ́, ta ni yóò sọ pé kí a dá ìtọ́jú rẹ̀ dúró?

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹrin ọdún 1989, èrò fún ara wọn pa ní pápá ìṣeré Hillsborough ní ìlú Sheffield. Tony Bland, ọmọ ọdún 18, kò kú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́. Ojú rẹ̀ ń ṣí, kò mọ ẹnikẹ́ni. Inú rọ́bà ni oúnjẹ rẹ̀ ń gbà wọlé. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta ó lé, àwọn òbí rẹ̀ àti àwọn dókítà gbà pé kí a jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1993, adájọ́ àgbà márùn-ún fohùn ṣọ̀kan pé ìtọ́jú náà kò ṣe é ní oore kankan mọ́, àti pé oúnjẹ inú rọ́bà jẹ́ ara ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní dókítà kò gbọdọ̀ fún aláìsàn ní oògùn tí yóò pa á. Ó kú ní oṣù kẹta.

Ti Nancy Cruzan ní Missouri yàtọ̀. Ìjàm̀bá ọkọ̀ ni ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ní 1983. Ní 1990, ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sọ pé ìpínlẹ̀ náà lè béèrè ẹ̀rí tí ó dájú nípa ohun tí òun fúnra rẹ̀ ìbá fẹ́. Àwọn tí ó bá ṣiṣẹ́ rí wá jẹ́rìí sí ohun tí ó ti sọ nígbà tí ara rẹ̀ le. Lẹ́yìn náà ni adájọ́ gbà kí a yọ rọ́bà náà.

Láti 2018, bí ẹbí àti dókítà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì bá fohùn ṣọ̀kan, tí wọ́n sì tẹ̀lé òfin, kò di dandan kí wọ́n kọ́kọ́ lọ sí ilé ẹjọ́. Òfin ní kí wọ́n wádìí ohun tí aláìsàn ti ń fẹ́. Bí iyàn bá wà, ilé ẹjọ́ ni yóò parí rẹ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ kan kò tíì gbà pé a lè ka oúnjẹ àti omi sí oògùn tí a lè dá dúró. A kò ní parí iyàn náà lónìí. Ṣùgbọ́n a ti jókòó ti àwọn ọmọ tí wọ́n ń jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn baba wọn: ọ̀kan ní kí ìtọ́jú máa lọ, èkejì ní ìyà náà tó. Baba kò sọ ohunkóhun sílẹ̀.

Bí a bá dá irú ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, a máa ń wí pé, "Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i!" Àmín. Àdúrà náà kò ní kí a má sọ̀rọ̀. Lálẹ́ òní, ẹ pe àwọn ọmọ yín. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ àti ohun tí ẹ kò fẹ́, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ìjà má baà wọ ilé yín lọ́jọ́ tí ẹnu yín kò bá lè là á.

Kí Olúwa wà pẹ̀lú yín.